Èdè Mélòó Ló Wà Nínú Rìmóòtù?

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tí mo dé ibùdókọ̀ Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba Benin ń pè ní Savè. Kùrukùru ṣì bo àwọn àpáta ńlá tó dúró ti ìlú náà. Awakọ̀ kan tó ń lọ sí Parakou ní kí n bọ́ síwájú, ó ní bí èrò bá ti pé, a óò gbéra. Wákàtí kan ààbọ̀ kọjá kí èrò tó pé. N kò kánjú, nítorí inú ọkọ̀ tí kò tíì rìn yẹn ni mo ti kọ́kọ́ rí ohun tí mo tìtorí rẹ̀ kúrò nílé.

Rédíò ọkọ̀ ń ka ìròyìn. Nígbà tó ń kà á ní Faransé, kálukú ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. Ìyá kan tó gbé agbọ̀n tòmátì sẹ́sẹ̀ ń ka owó, àwọn ọmọkùnrin Fúlàní méjì ń ṣe àwàdà lẹ́yìn, awakọ̀ ń na ọrùn wò bóyá èrò míì ń bọ̀. Ìròyìn kan náà bẹ̀rẹ̀ ní Fọ̀n, bàbá kan tó ti ń tòògbé la ojú. Ó kan Yorùbá, awakọ̀ yí ohùn rédíò sókè, ó gbọ́wọ́ sókè sí àwọn tó ń pariwo. Ó kan Baatonum, èdè àwọn Ìbàrùbá, ìyá onítòmátì dá owó kíkà dúró, ó dẹ etí. Bí èdè ti ń yí ni ìdákẹ́jẹ́ ń ṣí kiri nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo, láti orí ìjókòó kan dé orí òmíràn. Awakọ̀ pa rédíò láti lọ ra epo. Àwọn ọmọkùnrin Fúlàní méjèèjì nìkan ni kò tíì ní ìdí kankan láti dákẹ́.

Tẹlifíṣọ̀n gan-an ni mo ń wá lọ, kì í ṣe rédíò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn tó fi ilé sílẹ̀ lọ máa gbé láàárín elédè mìíràn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1979, Dan Iannuzzi, ọmọ ìran Ítálì ní Kánádà, dá ilé iṣẹ́ CFMT sílẹ̀ ní Toronto, èyí tí a wá mọ̀ lónìí sí OMNI. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni èdè tó wà lórí rẹ̀ ti pọ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì kò sì jọba lé wọn lórí. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá 1980, SBS bẹ̀rẹ̀ tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ ní Ọsirélíà fún àwọn Gíríìkì, àwọn Ítálì, àwọn Lárúbáwá àti gbogbo àwọn tí ọkọ̀ òkun gbé débẹ̀ lẹ́yìn ogun. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Alistair Soyode, ọmọ Nàìjíríà, gbé BEN Television jáde ní ọdún 2003. Nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí, àwa Yorùbá ni àlejò, àwa ni èdè kékeré tó ń wá wákàtí kan lọ́wọ́ onílé. Mo fẹ́ lọ síbi tí ọ̀rọ̀ kò ti rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ lọ síbi tí àwa jẹ́ onílé, kí n wo bí ẹlòmíì ti ń jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n nínú àgbàlá wa.

Ọ̀nà láti Ṣábẹ̀ẹ́ kọrí sí àríwá, ojú irin tí àwọn Faransé là láti Cotonou dé Parakou sì ń bá a kẹ́gbẹ́ lọ. Ojú irin náà gùn tó kìlómítà 438, ṣùgbọ́n ewéko ti ń bo ọ̀pọ̀ ibẹ̀ báyìí. A kọjá Kilibo, a kọjá Toui. Àpò èédú tò lẹ́bàá ọ̀nà bí ìjọ tó ń dúró de pásítọ̀. Epo bẹntiróòlù tó ti Nàìjíríà wọlé, tí gbogbo ayé níbẹ̀ ń pè ní kpayo, ń dán nínú ìgò lórí tábìlì onígi. Lẹ́yìn náà ni igi kajú bẹ̀rẹ̀, oko lẹ́yìn oko, àti ebè iṣu tó ga débi pé ọmọdé lè sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Awakọ̀ wa ń sọ Nàgó, bí wọ́n ti ń pe Yorùbá níbẹ̀. Ahọ́n tirẹ̀ yára ju tèmi lọ, ó sì ń gé ọ̀rọ̀ kúrú níbi tí èmi ń fà á. Nígbà tó gbọ́ pé láti apá Ìbàdàn ni mo ti wá, pé Tchaourou ni mo sì ń lọ, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ́ gbádùn Tchaourou. Fíìmù yín ni wọ́n ń wò níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́." Inú rẹ̀ dùn bó ti ń sọ ọ́, inú tèmi náà dùn. N kò tíì mọ̀ pé gbólóhùn yẹn ni yóò ká mi lára jù nínú ìrìn náà.

Tchaourou kì í ṣe ìlú kékeré tí èèyàn kàn ń gba ibẹ̀ kọjá. Ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 7,256 níbùú lóròó, ó sì na ọwọ́ dé odò Okpara tó pààlà pẹ̀lú Nàìjíríà ní ìlà-oòrùn. Alafiarou, Bétérou, Goro, Kika, Sanson àti Tchatchou ni àwọn ẹkùn tó wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú Tchaourou fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Thomas Boni Yayi, tó jẹ́ ààrẹ Benin láti 2006 sí 2016. Ṣùgbọ́n iye èèyàn ibẹ̀ ló mú mi ronú jù. Nígbà ìkànìyàn 2002, ẹni 106,852 ni wọ́n kà. Nígbà tí wọ́n tún kà ní 2013, wọ́n ti di 223,138. Ọmọ bíbí nìkan kò lè sọ ìlú di ìlọ́po méjì láàárín ọdún mọ́kànlá. Àwọn èèyàn ń rọ́ wá.

Ilẹ̀ ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ wá. Ní Atakora, lápá ìwọ̀-oòrùn àríwá Benin, òkúta pọ̀ ju erùpẹ̀ lọ, ilẹ̀ sì ti rẹ̀. Àwọn tí aráàlú ń pè ní Sómbà, tí àwọn fúnra wọn ń jẹ́ Betammaribe, gbé ọkọ́ wọn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tí iṣu ti ń ta. Àwọn Yom wá láti apá Djougou àti Copargo, àwọn Lokpa wá láti Ouaké. Wọ́n bá Ìbàrùbá, Nàgó àti Fúlàní nílé. Onílẹ̀ fún wọn láyè láti dá oko iṣu, àgbàdo àti òwú, ṣùgbọ́n níbi púpọ̀ kì í gbà wọ́n láyè láti gbin kajú, torí pé ẹni tó bá gbin igi ti fẹ́ sọ ilẹ̀ di tirẹ̀. Àdéhùn yẹn ṣe pàtàkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí rẹ̀. Ẹni tó ti ń gbé ibì kan fún ogún ọdún tí kò sì lè gbin igi kan síbẹ̀, àtìpó ni, bó ti wù kí àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀ tó.

Ọlọ́kadà, tí wọ́n ń pè ní sémì, ló gbé mi dé abúlé kan tí àwọn Betammaribe ń gbé, lójú ọ̀nà tó ń lọ sí apá Bétérou. Eruku pupa ti bo ojú mi nígbà tí a débẹ̀. Bàbá olóko tó ń gbé agboolé náà kí mi ní Nàgó tó fi ń ra ọjà, ó tọrọ gáfárà pé kò gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì pe ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọbìnrin kan tí kò ju ọdún mẹ́tàlá lọ, pé kó wá máa bá wa túmọ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ṣé dáadáa lẹ dé?" Yorùbá tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ti awakọ̀ mi. Yorùbá Ìbàdàn ni, Yorùbá Èkó ni, pẹ̀lú gbogbo ìró rẹ̀. Mo bi í léèrè ta ló kọ́ ọ. Ó tọ́ka sí àpótí kan tó wà lábẹ́ àtíbàbà: tẹlifíṣọ̀n.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, wọ́n so wáyà mọ́ bátìrì tí oòrùn ti ń kún láti àárọ̀. Àwọn aládùúgbò gbé àpótí wá, àwọn ọmọdé tẹ́ ẹní. Ìyá kan gbé ìkòkò ọtí bàbà wá, èyí tí gbogbo àríwá Benin ń pè ní ṣúkútú, ó ń bù ú sínú igbá, kọ́bọ̀ kan kò sì jáde lápò mi, torí pé wọn kì í gba owó lọ́wọ́ àlejò lálẹ́ àkọ́kọ́. Ọmọbìnrin náà ló di rìmóòtù mú. Dékódà kan wà níbẹ̀, ó sì fi ṣe wá lálejò díẹ̀: bọ́ọ̀lù, orin, ìròyìn. Mo ní kó tẹ bọ́tìnì tó ń yí èdè padà. Ó tẹ̀ ẹ́. Faransé. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Gẹ̀ẹ́sì. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó padà sí Faransé. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó sọ̀rọ̀, ọmọ túmọ̀ rẹ̀: "Bàbá ní àwa náà ti tẹ̀ ẹ́ títí. Àwa ò sí níbẹ̀."

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n yọ dékódà, wọ́n ki mẹ́mọ́rì sínú ẹ̀rọ. Fíìmù Yorùbá ni, èyí tí atúnfóònùṣe ní ìlú ń kó sórí mẹ́mọ́rì fún sẹ́fà díẹ̀. Gbogbo agboolé sún mọ́ ọn. Mo sì rí iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe lálaalẹ́. Ìyá rẹ̀ àgbà, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Bí òṣèré bá ti sọ̀rọ̀, ọmọ náà á yí ọrùn díẹ̀, á sọ ọ́ ní Ditammari, èdè àwọn Betammaribe, ní ohùn jẹ́jẹ́, kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìyá ọkọ ń bú ìyàwó, ọmọ náà túmọ̀ èébú. Babaláwo ń pe ọfọ̀, ó dúró díẹ̀, ó wá nǹkan sọ. Bí ìyá àgbà bá béèrè nǹkan, á dá a lóhùn, á sì sáré lé fíìmù bá. Fún wákàtí méjì kò sinmi. Nígbà tó yá, ìyá àgbà bi í ní ìbéèrè kan tí kò lè dáhùn, ó sì yíjú sí mi. Ó ní, "Wọ́n ní ṣé àwọn tó wà nínú ẹ̀ wá mọ̀ pé àwa ń wò wọ́n?"

Mo ní n kò rò pé wọ́n mọ̀.

N kò sùn bọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ń ronú nípa bí ohùn wa ṣe dé abẹ́ àtíbàbà yẹn. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Láti ìgbà náà ni àwọn eléré ìtàgé wa ti bọ́ sórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, kí wọ́n tó bọ́ sórí fíìmù, sórí fídíò, sórí díìsìkì, kí ó tó wá di inú mẹ́mọ́rì kékeré tí kò tó èékánná. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí a ti ń sọ̀rọ̀ níwájú kámẹ́rà. Ìdí nìyẹn tí ohùn wa fi lágbára. Kò sí ẹni tó rán wa lọ sí abúlé àwọn Betammaribe, kò sì sí ẹni tó jókòó ṣèpinnu pé kí ọmọ ọdún mẹ́tàlá gbọ́ Yorùbá Èkó ju bí ó ti gbọ́ ìtàn ìran rẹ̀ lọ. Èdè tó bá ní àwòrán ń rìn fúnra rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ bó ti ń rí lára tèmi nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù bá ń dá mi lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti sunkún lórí ìyẹn rí. N kò lè wá máa yọ̀ ní Tchaourou nítorí ohun tí mo ń sunkún lé lórí ní Lọ́ńdọ̀nù.

Àwọn kan á ní kí wọ́n kọ ìtumọ̀ sísàlẹ̀ àwòrán, bí SBS ti ń ṣe. Iṣẹ́ ìtumọ̀ kíkọ wọn ní Ọsirélíà gbayì débi pé òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rántí wọn. Ó dára fún ẹni tó lè kàwé. Ìyá àgbà tí mo bá lẹ́yìn ọmọ yẹn kò ríran dáadáa mọ́, kò sì kàwé rí. Ohùn ló lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn ará Kampala ní Uganda ti mọ èyí tipẹ́. Nínú gbọ̀ngàn fídíò wọn, ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní VJ á di gbohùngbohùn mú, á máa túmọ̀ fíìmù òyìnbó sí Luganda bó ti ń lọ, á tún máa fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dá a lárinrin, ó sì ti di iṣẹ́ tí èèyàn ń jẹun nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin abúlé yẹn, VJ ni. Àfi pé kò sí gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó san owó fún un.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí Parakou, nǹkan bí ọgọ́ta kìlómítà sí Tchaourou. Parakou ni gbogbo àgbègbè náà ń gbọ́ rédíò láti ibẹ̀. Ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba wà níbẹ̀, ti aládàáni àti ti ìlú náà sì wà. Èyí tí mo wọ̀ jẹ́ ilé kékeré kan tí wọ́n fi kúṣìn bo ògiri rẹ̀ kí ariwo ọ̀kadà má baà wọlé. Lára ilẹ̀kùn ni wọ́n lẹ ìwé ètò mọ́, wọ́n fi báírò tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Mo dúró níwájú ìwé yẹn pẹ́ ju bí mo ti dúró níwájú ohunkóhun lọ nínú ìrìn náà.

Ọ̀gbẹ́ni tó ń bójú tó ètò ṣàlàyé fún mi. Ó ní ìjà tó wà nínú rédíò elédè púpọ̀, ìjà wákàtí ni. Gbogbo èdè ló fẹ́ aago méje alẹ́. Wọn kò lè fún gbogbo wọn. Nítorí náà wọ́n jókòó, wọ́n bi ara wọn pé ìgbà wo ni ẹni tó ń sọ èdè yìí máa ń jókòó ti rédíò gan-an. Darandaran ní àkókò tí màlúù ti wọ ọgbà, ó sì ń gbé rédíò kékeré kọ́ ọrùn nígbà tó bá ń kó wọn jẹko. Wákàtí Fulfulde, èdè àwọn Fúlàní, wà níbi tí ó bá a lára mu. Obìnrin oníṣúkútú ń dáná láti òru; àárọ̀ kùtù bá a lára mu ju alẹ́ lọ. Ọjọ́ ọjà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú: wọn kì í fi ètò èdè kan sí ọjọ́ tí gbogbo àwọn tó ń sọ ọ́ wà lójú ọ̀nà. "Bí ẹ bá fún èèyàn ní wákàtí tí kò sí nílé," ó ní, "ẹ ò fún un ní nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ náà dé igbá àyà mi. Iye èdè tó wà lórí ìwé kò tó ká fi máa yangàn. Òfin Benin ti dáa tó. Ìwé òfin tí wọ́n kéde ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1990 sọ nínú abala rẹ̀ kọkànlá pé gbogbo ẹ̀yà ló ní ẹ̀tọ́ láti lo èdè rẹ̀, ní sísọ àti ní kíkọ, kí wọ́n sì mú àṣà wọn gbòòrò láìtẹ ti ẹlòmíì mọ́lẹ̀. Òfin oṣù Kẹjọ 1997 ṣí ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ fún aládàáni. Kí ìyẹn tó dé, ní nǹkan bí ọdún 1994, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ti ran Benin lọ́wọ́ láti dá àwọn rédíò ìgbèríko sílẹ̀ ní Ouessè, tó jẹ́ aládùúgbò Tchaourou níhà gúúsù, ní Banikoara, Ouaké, Tanguiéta àti Lalo. Láti ibi bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn aládùúgbò wọn lórí afẹ́fẹ́. Gbogbo èyí, rédíò ni. Tẹlifíṣọ̀n ti wà ní Benin láti 1978, ó sì ń ka ìròyìn ní àwọn èdè ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ìròyìn ìṣẹ́jú díẹ̀ nìkan kì í ṣe àgbàlá tí èèyàn lè jókòó sí lálẹ́.

Ọ̀dọ́bìnrin kan wọlé nígbà tí a wà níbẹ̀, ó ní ìwé Faransé kan lọ́wọ́, ìkìlọ̀ nípa àjẹsára àwọn ọmọdé. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ní kó tó wọ afẹ́fẹ́. Kò kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì ní Faransé, ó pa ojú dé, ó ń mi ètè, ó sì wọlé lọ sọ ọ́ ní Yom. Mo bi í nígbà tó jáde báwo ló ṣe ń rí ọ̀rọ̀ tí kò sí lédè rẹ̀. Ó ní nígbà Kòrónà ní ọdún 2020, kálukú ló ń dá orúkọ sọ àìsàn náà, débi pé àwọn olùgbọ́ rò pé àìsàn mẹ́rin ló wọ̀lú. Wọ́n ní láti pe àwọn àgbà jọ, kí wọ́n fẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ kan fún èdè kọ̀ọ̀kan. "Ọ̀nà kan náà làwọn tó ń túmọ̀ Bíbélì gbà," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín. Owó oṣù rẹ̀ kéré, kò fi pa mọ́. Ìkéde olówó tí wọ́n ń pè ní kọmunikẹ́, ti òkú, ti ẹran tó sọnù àti ti ìgbéyàwó, ló ń ra epo jẹnẹrétọ̀.

Mo wá bi ọ̀gbẹ́ni ètò pé bí wọ́n bá fún un ní tẹlifíṣọ̀n lónìí ńkọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní rédíò fẹ́ ẹnu kan fún èdè kan, ó tán. Tẹlifíṣọ̀n fẹ́ kámẹ́rà, ọkọ̀, epo, ẹni tó ń gé àwòrán, iná tí kò ní lọ, bó bá sì jẹ́ èdè mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni gbogbo rẹ̀. Mo sọ fún un nípa Toronto: bí OMNI ti dá ìròyìn èdè abínibí rẹ̀ dúró ní oṣù Karùn-ún 2015 nítorí owó, àti bó ti padà ní 2017 ní Ítálì, Mandarin, Cantonese àti Punjabi, lẹ́yìn tí àwọn aláṣẹ Kánádà pàṣẹ pé kí gbogbo okùn kébù àti sátẹ́láìtì gbé e, kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan sì máa san owó díẹ̀ sí i. Ìlú olówó ni Toronto, ọjà lásán kò sì lè gbé e dúró níbẹ̀. Àṣẹ ló gbé e dìde. Ọ̀gbẹ́ni náà gbọ́ mi tán, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká má fi àwòrán mẹ́fà bẹ̀rẹ̀. Àwòrán kan, ohùn mẹ́fà."

Mo rántí rìmóòtù abúlé lójú ẹsẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ayé òde òní, èyí tó ń gba orí sátẹ́láìtì àti ti òpó ìgbàlódé tó rọ́pò ti àtijọ́, lè gbé àwòrán kan pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ohùn lẹ́ẹ̀kan náà. Bọ́tìnì tó ń yí Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì ti wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Ibi tí ohùn kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún yóò wọ̀ ti wà nínú ẹ̀rọ. Àwọn tó lè sọ ọ́ wà ní Parakou, wọ́n ń fi owó kọmunikẹ́ jẹun. Fíìmù wà, àwa Yorùbá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀. Mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn: ó yẹ kí àwọn tó ń ṣe fíìmù wa máa ta ẹ̀tọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ fún irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, kí ìyá ọkọ inú fíìmù Ìbàdàn lè bú ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní Ditammari, ní Fulfulde, ní Lokpa. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí kámẹ́rà wá yíjú sí abúlé fúnra rẹ̀, sí ọjọ́ ìkórè iṣu, sí ẹjọ́ màlúù tó jẹ oko, èyí tí àgbẹ̀ ń gbọ́ ní èdè tirẹ̀ tí darandaran sì ń gbọ́ ní tirẹ̀, tí àwọn méjèèjì ń wo àwòrán kan náà. Ìjà àgbẹ̀ àti darandaran ń pa èèyàn ní ilẹ̀ yìí. Ohun tó bá lè mú wọn wo nǹkan kan náà lálẹ́, n kò ní pè é ní eré.

Kí n tó kúrò ní Parakou, mo bẹ ọkùnrin tó ń ṣe wákàtí Ditammari pé kó jẹ́ kí n gba ètò rẹ̀ sórí fóònù mi. Ó gbà. Ó ṣe ètò náà bó ti máa ń ṣe é: ó kí àwọn àgbẹ̀, ó kí àwọn aboyún, ó kí àwọn tó wà ní àjò, ó béèrè òjò, ó béèrè iṣu, ó béèrè ilé. Mo mọ̀ pé ìkíni ni mo ń gbọ́ láìgbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, nítorí bó ti ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń dúró de èsì.

Mo padà gba Tchaourou, mo sì tún gun sémì lọ sí abúlé náà. Oòrùn ti ń wọ̀. Ìyá àgbà jókòó síbi tí mo fi í sí. Ọmọbìnrin náà kó àpótí kan wá fún mi, mo sì gbé fóònù lé orí itan ìyá àgbà, mo tẹ̀ ẹ́.

Ohùn ọkùnrin yẹn jáde. Ìyá àgbà gbé orí sókè. Ohùn náà kí i, ó dúró. Ìyá àgbà sì dá a lóhùn. Ohùn náà béèrè òjò, ó dúró. Ìyá àgbà dá a lóhùn, ó sì fi ọwọ́ tọ́ka sí ojú ọ̀run. Ohùn náà béèrè ilé. Ìyá àgbà ka àwọn ọmọ rẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn tó wà ní Boukoumbé ní Atakora, àní lẹ́yìn tí ohùn náà ti bọ́ sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwọn ọmọdé rọ́ dé, bàbá olóko fi ọkọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ mọ́. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà sí ohun kan tí ọkùnrin náà sọ. Mo wò wọ́n lójú, n kò gbọ́.

Ọmọbìnrin náà rí mi. Ó sún àpótí rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ àgbà, ó gbé e wá sí iwájú mi, ó yí ọrùn díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́: "Bàbá, ó ní..."